FÁJUYÌ, ONÍLÉ TÍ KÒ FI ÀLEJÒ RẸ̀ SÍLẸ̀

  

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa kan, a ń jíròrò lórí ẹni tí a ó kọ ìtàn ayé rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn wa yìí. Ẹnì kan nawọ́, ó dárúkọ Adékúnlé Fájuyì, gbogbo ilé sì pàtẹ́wọ́. Nígbà tí alága wa wáá béèrè pé kí ni Fájuyì ṣe gan-an, ilé pa lọ́lọ́. Ọ̀kan nínú wa ní òun mọ̀ pé orúkọ ilé gbígbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni, ní Ifẹ̀. Òmíràn ní òun mọ̀ pé orúkọ títì kan ni n'Íbàdàn. Ẹnì kẹta ní sójà ni, ó bá Ironsi kú. Ni ọmọ ọdún kìn-ín-ní kan bá béèrè pé ṣé ọmọ Yorùbá ni Ironsi náà ni. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín tán, ojú tì wá, nítorí pé ìbéèrè ọmọ yìí gan-an ni kókó ọ̀rọ̀. Ironsi kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Ọmọ Ìgbò ni, ará Umuahia. Kí ló wá dé tí ọmọ Èkìtì fi bá a kú? Ọmọ tí kò bá mọ ìtàn, bí àgbà ọ̀la rẹ̀ yóò ṣe rí kò dájú. Nítorí náà, ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí a jọ tú ìtàn yìí palẹ̀.

Ọmọ Adó-Èkìtì

Ọjọ́ 26, oṣù kẹfà, ọdún 1926 ni wọ́n bí Francis Adékúnlé Fájuyì ní Adó-Èkìtì, ìlú Ewì. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Èkìtì, ẹ mọ̀ pé ilẹ̀ òkè àti àpáta ni, ilẹ̀ àwọn àgbẹ̀ tí kì í fi iṣẹ́ ṣeré, tí wọ́n sì tún fẹ́ràn ìwé. Àwọn Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣàkóso gbogbo ilẹ̀ yìí nígbà náà. Ta ni ì bá sọ pé ọmọ tí wọ́n sọ lórúkọ ní Adó lọ́jọ́ náà ni yóò gbé nínú ilé gómìnà Òyìnbó ní Ìbàdàn lẹ́yìn 40 ọdún?

Ọdún 1943 ni Fájuyì wọṣẹ́ ológun. Ogun Hitler ṣì ń lọ nígbà náà, kò sì tíì pé ọmọ ọdún 18. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí ó wọ̀ kì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló dá a sílẹ̀ fún àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìyẹn Nàìjíríà, Gold Coast tí ó padà di Ghana, Sierra Leone àti Gambia. Ẹ̀ka tí ń gbé ìròyìn ni Fájuyì wà, àwọn tí ń fi wáyà àti rédíò gbé ọ̀rọ̀ láti àgọ́ ogun kan dé òmíràn. Iṣẹ́ tí ó gba làákàyè ni, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a bá gbé gba ibi tí kò tọ́ lè pa ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Ó ṣe iṣẹ́ náà títí ó fi di sájẹ́ǹtì.

Nínú ayé ọkùnrin yìí, ìgbà mẹ́ta ni a rí i tí ewu ká òun àti àwọn tí wọ́n wà lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Àwọn ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni a ó tẹ̀ lé bí a ṣe ń sọ ìtàn rẹ̀ lọ.

Ìgbà kìn-ín-ní: ọ̀rọ̀ oúnjẹ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀ràn mìíràn wọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ tí wọ́n ń pín fún àwọn ọmọ ogun ló dá wàhálà sílẹ̀ nínú ẹ̀ka tí Fájuyì wà. Inú bí àwọn sójà, wọ́n sì fárígá. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé kí sójà fárígá sí ọ̀gá rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Nínú òfin ológun, ẹ̀wọ̀n wà nínú rẹ̀, ikú pàápàá lè wà nínú rẹ̀. Sájẹ́ǹtì ló sì máa ń wà níbi tí ó le jù nínú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀gá Òyìnbó ń retí pé kí ó fi ipá mú àwọn ènìyàn rẹ̀, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ń retí pé kí ó dúró tì wọ́n, nítorí ọ̀kan náà ni wọ́n jọ jẹ́.

Fájuyì wà lára àwọn tí wọ́n pa iná náà kí ó tó di ìjà ńlá. Ní 1951, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n ń pè ní British Empire Medal nítorí iṣẹ́ yìí. Ẹ kíyè sí i o. Àmì-ẹ̀yẹ àkọ́kọ́ tí ọkùnrin ológun yìí gbà, kì í ṣe pé ó pa ènìyàn ló fi gbà á. Ó gbà á nítorí pé ó bá àwọn tí inú ń bí sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbọ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìgbà kejì: Kóńgò

Ní 1954, wọ́n yan Fájuyì láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń ṣe ọ̀gá ológun ní ilé ẹ̀kọ́ ológun tó wà ní Eaton Hall, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti oṣù keje dé oṣù kọkànlá ọdún náà ló fi wà níbẹ̀, ó sì padà dé bí ọ̀gá. Ní àkókò yẹn, ọmọ Nàìjíríà tí ó jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun kò tó nǹkan. Òyìnbó ló kún ibẹ̀. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá, tí ó ti jẹ oúnjẹ àwọn ọmọ ogun kéékèèké, tí ó sì wáá di ọ̀gá, irú wọn a máa mọ ohun tí ń bẹ nínú àwọn tó wà lábẹ́ wọn.

Ọjọ́ 30, oṣù kẹfà, ọdún 1960 ni Kóńgò gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn ará Belgium. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ìlú fi dàrú. Moise Tshombe kéde pé agbègbè Katanga, níbi tí bàbà àti àwọn ohun àlùmọ́ọ́nì mìíràn pọ̀ sí, ti ya kúrò lára Kóńgò. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kó àwọn ọmọ ogun láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè lọ síbẹ̀, Nàìjíríà tí òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira sì rán tirẹ̀ lọ. Fájuyì, tí ó ti di Méjọ̀, lọ pẹ̀lú Bàtálíọ̀nù Kẹrin. Ẹ fi Bàtálíọ̀nù Kẹrin yìí sọ́kàn, a ó padà bá a pàdé.

Ní àríwá Katanga ní 1961, àwọn ọ̀tá ba de Fájuyì àti àwọn ọmọ ogun tí ó ń ṣáájú fún. Ẹni tí wọ́n bá ba dè lójú ogun, tí ìbọn ń dún níwájú àti lẹ́yìn, ohun tí ọkàn rẹ̀ yóò kọ́kọ́ sọ fún un ni pé kí ó sá àsálà fún ẹ̀mí ara rẹ̀. Fájuyì kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dúró, ó sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde kúrò nínú ibùba náà. Nítorí iṣẹ́ akin tí ó ṣe ní Katanga, wọ́n fún un ní Military Cross, àmì-ẹ̀yẹ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní 1914 fún àwọn ọ̀gá ológun tí wọ́n bá hùwà akọni lójú ọ̀tá. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń pín bí ẹ̀pà.

Ó padà sílé, ó sì ń gòkè sí i. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ ọ̀gá pátápátá fún Bàtálíọ̀nù Kìn-ín-ní ní Enugu. Àwa tí a jẹ́ àlejò nílẹ̀ onílẹ̀, ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí èyí. Ọmọ Èkìtì yìí gbé láàrin àwọn Ìgbò, ó bá wọn jẹ, ó bá wọn mu, ó sì ṣe ọ̀gá níbẹ̀. Ó mọ bí ó ti ń rí kí ènìyàn jẹ́ àlejò. Ní kété kí ọdún 1966 tó dé ni wọ́n gbé e kúrò ní Enugu lọ sí Abẹ́òkúta, kí ó lọ máa ṣe ọ̀gá àwọn ọmọ ogun tó wà níbẹ̀.

Gómìnà fún oṣù mẹ́fà

Ọjọ́ 15, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1966 ni àwọn ọ̀dọ́ ọ̀gá ológun kan dìtẹ̀ gbàjọba. Wọ́n pa Abubakar Tafawa Balewa tí ó jẹ́ olórí ìjọba. Wọ́n pa Sardauna ní Kaduna. Wọ́n pa Samuel Ládòkè Akíntọ́lá ní Ìbàdàn. Wọ́n sì pa àwọn àgbà ọ̀gá ológun pẹ̀lú, lára wọn ni Samuel Adémúlẹ́gun tí òun náà jẹ́ ọmọ Yorùbá, àti Abogo Largema, ọ̀gá Bàtálíọ̀nù Kẹrin. Ìdìtẹ̀ náà kò yọrí sí bí àwọn tó dá a sílẹ̀ ti fẹ́. Ọ̀gágun Aguiyi Ironsi ló wáá gba ìjọba. Nítorí pé ọmọ Ìgbò ló pọ̀ jù nínú àwọn tó dìtẹ̀, tí àwọn tí wọ́n pa sì pọ̀ láti Òkè Ọya, ìbínú ńlá wọ inú àwọn sójà Òkè Ọya. Nínú Bàtálíọ̀nù Kẹrin, níbi tí wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀ ọ̀gá wọn, ìbínú náà kò kéré rárá.

Ironsi yan gómìnà ológun mẹ́rin: Hassan Usman Katsina fún Òkè Ọya, Ojukwu fún Ìlà-Oòrùn, David Ejoor fún Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn, àti Fájuyì fún Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹ má rò pé oyè adùn ni wọ́n fi jẹ Fájuyì o. Ilẹ̀ Yorùbá ń jó lọ́wọ́ ni. Lẹ́yìn ìbò oṣù kẹwàá ọdún 1965 tí àwọn ènìyàn ní wọ́n jí gbé, wọ́n ń da bẹntiróòlù sí ilé àti sí ara ènìyàn, wọ́n sì ń ṣáná sí i. Àwọn bàbá wa àgbà kò tíì gbàgbé orúkọ tí wọ́n fún un: Wẹ́tìẹ́. Ọmọ ìyá kì í lè sùn sílé ọmọ ìyá rẹ̀ nítorí ẹgbẹ́ òṣèlú. Nínú irú ilé tí iná ti jó dé àjà yìí ni wọ́n ní kí Fájuyì wáá jókòó sí. Iṣẹ́ tó ṣe ní 1951 náà ni wọ́n tún gbé fún un, àfi pé lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe bárékè kan ló ń bínú, odindi ilẹ̀ kan ni.

Oṣù mẹ́fà péré ló lò lórí àga náà. Láàrin oṣù mẹ́fà yẹn, iná Wẹ́tìẹ́ kú, àwọn ènìyàn sì ń sùn. Ṣùgbọ́n ní Òkè Ọya, nǹkan ń burú sí i. Ní oṣù karùn-ún, Ironsi ṣe òfin tí ó pa àwọn ẹkùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ sábẹ́ ìjọba kan ṣoṣo. Àwọn ará Òkè Ọya ní ọgbọ́n láti fi jọba lé àwọn lórí ni. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì pa àwọn Ìgbò ní ìlú púpọ̀.

Ìgbà kẹta: àlejò wọlé

Ní oṣù keje, Ironsi ń rin ìrìn-àjò káàkiri orílẹ̀-èdè láti bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀. Ọjọ́ 28, oṣù keje, ọdún 1966 ló bá àwọn ọba alayé ṣe ìpàdé ní Ìbàdàn. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, Ilé Ìjọba tó wà ní Agodi ló sùn sí, nínú ilé Fájuyì. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé: Fájuyì gba àlejò.

Lóru ọjọ́ náà, àwọn sójà tó wà ní Abẹ́òkúta dìtẹ̀, wọ́n pa àwọn ọ̀gá wọn kan, àwọn ọmọ Ìgbò. Ìròyìn dé Ìbàdàn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn sójà láti Bàtálíọ̀nù Kẹrin ti yí Ilé Ìjọba ká, Méjọ̀ Theophilus Danjuma ló sì ṣáájú wọn. Bàtálíọ̀nù Kẹrin! Orúkọ yìí kan náà ni Fájuyì fi jà ní Katanga ní ọdún márùn-ún ṣáájú, lábẹ́ orúkọ yìí kan náà ló ti kó àwọn sójà jáde lẹ́nu ikú. Àwọn tí ń jẹ́ orúkọ náà ni wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ báyìí.

Ironsi ni wọ́n bá wá. Ìtàn tí gbogbo ayé mọ̀, tí àwọn òbí wa fi ń kọ́ wa, sọ pé wọ́n ní kí Fájuyì yẹra, kí ó fi ọkùnrin náà lé àwọn lọ́wọ́, pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn án. Fájuyì kọ̀. Ó ní àlejò òun ni, inú ilé òun ló wà, bí wọ́n bá máa mú un lọ, kí wọ́n mú òun náà lọ. Wọ́n sì mú àwọn méjèèjì. Wọ́n dè wọ́n, wọ́n gbé wọn gba ọ̀nà Ìwó, wọ́n lù wọ́n, wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n nínú igbó lẹ́bàá Lálúpọn. Ọjọ́ 29, oṣù keje, ọdún 1966 ni. Fájuyì jẹ́ ọmọ ogójì ọdún àti oṣù kan péré. Ó fi aya àti ọmọ sílẹ̀.

A kò ní fi ohun kan pamọ́ fún yín. Àwọn kan wà tí wọ́n ń jiyàn sí ìtàn yìí. Wọ́n ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé àwọn sójà náà ti ní Fájuyì nínú tẹ́lẹ̀, nítorí wọ́n fura pé ó mọ̀ sí ìdìtẹ̀ oṣù kìn-ín-ní, pé bó kọ̀ bó gbà, wọn ì bá pa á. Òótọ́ ni pé ìfura náà wà. Òótọ́ sì ni pé àwọn tó sọ ìtàn ọjọ́ náà kò sọ ọ́ bákan náà. A ti jiyàn lé e lórí títí nínú ẹgbẹ́ yìí, débi pé ẹnì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú jáde.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Danjuma fúnra rẹ̀, tí ó ṣáájú àwọn tó wáá mú wọn, sọ ìtàn tirẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ní òun kọ́ ni òun pàṣẹ pé kí wọ́n pa wọ́n. Nínú ìtàn tirẹ̀ yìí pàápàá, Fájuyì tí ìbọn dojú kọ béèrè fún ìlérí pé wọn kò ní fi ọwọ́ ibi kan àlejò òun. Ẹni tí ikú ń wò lójú, ẹ̀mí ara rẹ̀ ni à bá gbọ́ pé ó ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ti àlejò ló ń bẹ̀bẹ̀ fún. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí ó máa jiyàn lórí bóyá ọ̀nà àbáyọ wà fún un tàbí kò sí. Ohun tí a mọ̀ ni pé kò fi ẹ̀mí àlejò rẹ̀ ra ẹ̀mí ara rẹ̀, àti pé ibi tí wọ́n ti bá àlejò rẹ̀ parí náà ni wọ́n ti bá òun parí. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀

Yakubu Gowon ló gba ìjọba ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ. Adéyinká Adébáyọ̀ ni wọ́n fi rọ́pò Fájuyì ní Ìbàdàn. Ó lé ní oṣù márùn-ún gbáko tí ìjọba kò kéde fún ará ìlú pé Ironsi àti Fájuyì ti kú. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ìdílé wọn. Ẹni tí òkú rẹ̀ kò sí nílẹ̀, a kò lè sunkún rẹ̀ tán, a kò sì lè máa retí rẹ̀ tán. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1967 ni wọ́n tó kéde rẹ̀. Wọ́n gbé òkú Ironsi lọ sí Umuahia, wọ́n sì gbé ti Fájuyì lọ sí Adó-Èkìtì. Àwọn méjèèjì tí wọ́n jọ kú pínyà, kálukú lọ sílé bàbá rẹ̀.

Ní oṣù keje ọdún náà, ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀, kò sì parí títí di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970.

Lónìí, orúkọ Fájuyì wà lára bárékè ńlá tó wà ní Odògbo ní Ìbàdàn. Ó wà lára títì n'Íbàdàn àti ní Ìkẹjà. Ó wà lára ilé gbígbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀. Ní Adó-Èkìtì, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọgbà ìgbafẹ́ kan. Ní 2016, tí ó pé 50 ọdún tí ó kú, wọ́n ṣe ìrántí rẹ̀ ní Ìbàdàn. Èyí dára. Ṣùgbọ́n orúkọ tí a kọ sára ògiri, bí a kò bá mọ ohun tó wà nídìí rẹ̀, ọ̀dà lásán ni.

Kí ló kan àwa?

Ọ̀rọ̀ wá ku ti wa. Púpọ̀ nínú wa nínú ẹgbẹ́ yìí ni wọn kò bí sílẹ̀ Yorùbá. Sabon Gari ni wọ́n bí wa sí, ní Kano, ní Kaduna, ní Jos. Yorùbá tí à ń sọ, Hausa ti wọ inú rẹ̀. Bí a bá lọ sílé lọ́dún, àwọn ìbátan wa a máa fi wá ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n a ní àwọn Gàmbàrí ti dé. Nígbà tí a bá sì padà síbí, wọ́n a tún máa bi wá pé ìgbà wo ni a ń lọ sílé. Bí ẹnikẹ́ni bá yẹ kí ó mọ iyì onílé rere, àwa gan-an ni.

A ṣàkíyèsí pé nígbà mìíràn tí àwa ọmọ Yorùbá bá dárúkọ Fájuyì, ńṣe ni à ń fi í halẹ̀. À ń fi í sọ fún àwọn Ìgbò pé wọ́n jẹ wá ní gbèsè, à ń fi í bú àwọn ará Òkè Ọya pé apànìyàn ni wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a jáwọ́ nínú rẹ̀. Gbèsè tí a bá ń sin lójoojúmọ́ kì í ṣe oore mọ́. Fájuyì kò sì kú nítorí pé Yorùbá dára ju ẹ̀yà kan lọ. Ìbá ṣe ọmọ Hausa ló sùn sílé rẹ̀ lóru ọjọ́ náà, tí àwọn ọmọ Yorùbá sì wáá mú un, ohun tó ṣe náà ni à bá retí pé kí ó ṣe.

Bàbá àgbà ọ̀kan nínú wa wà ní Òkè Ọya ní 1966, nígbà tí wọ́n ń pa àwọn Ìgbò ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá. Bàbá náà máa ń sọ nípa obìnrin Ìgbò kan tí ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọmọ Hausa ni onílé tí obìnrin náà gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí àwọn tí ń pa ènìyàn dé, Alàájì náà fi obìnrin yìí àti àwọn ọmọ rẹ̀ pamọ́ sínú yàrá àwọn ìyàwó rẹ̀, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ó sì búra pé kò sí ẹnì kankan nínú ilé òun. Òru kejì ni wọ́n tó rí ọkọ̀ tó gbé wọn jáde. Kò sí títì tí a fi orúkọ Alàájì yìí pè. Bàbá àgbà yẹn náà ló sì tún máa ń sọ, pẹ̀lú ìtìjú, nípa àwọn mìíràn ládùúgbò kan náà, tí wọ́n nawọ́ sí ilé tí àwọn Ìgbò wà.

Lójú tiwa, Alàájì yẹn àti Fájuyì, ọ̀kan náà ni wọ́n. Èdè wọn kò pa pọ̀, ẹ̀sìn wọn kò pa pọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pàdé lọ́run, wọn yóò mọ ara wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ẹ̀yà Fájuyì, ibẹ̀ ni kí ẹ wá a sí.

Ìdí nìyí tí a fi ní kí ọmọ ọdún kìn-ín-ní tó bi wá ní ìbéèrè má ṣe tijú. Ó dáa pé ó béèrè. Ironsi kì í ṣe ọmọ Yorùbá, àbúrò wa. Àlejò ni. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Gbogbo wa ló sì ń gba àlejò. Ọ̀pọ̀ nínú wa, yàrá tí à ń gbé nínú ọgbà yìí, àwa àti ẹlòmíràn tí kì í sọ èdè wa la jọ ń gbé e. A jọ ń sebẹ̀, a jọ ń yá ara wa lówó, a jọ ń bú olùkọ́ tó le. Ọjọ́ tí nǹkan bá dára, kò sí ẹni tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ gidi. Bí ọjọ́ kan bá wáá dé, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, tí wàhálà bá bẹ́ sílẹ̀ nínú ọgbà tàbí nílùú, tí àwọn kan bá kan ilẹ̀kùn lóru, tí wọ́n ní àwa kọ́ ni àwọn bá wá, pé kí a ṣáà yẹra, kí a fi ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì lé àwọn lọ́wọ́, kí ni a ó sọ? Àwọn tí yóò kan ilẹ̀kùn náà lè jẹ́ ọmọ Yorùbá bíi tiwa. Ìbéèrè tó le nìyẹn, a kò sì lè bá ẹnikẹ́ni dáhùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti rí ẹnì kan tó dáhùn rẹ̀ ní Agodi.

Àmì-ẹ̀yẹ méjì ni Adékúnlé Fájuyì gbà nígbà ayé rẹ̀. Ọ̀kan nítorí pé ó pẹ̀tù sí ọkàn àwọn tí ebi ń pa, èkejì nítorí pé ó kó àwọn tí ọ̀tá ba dè jáde. Iṣẹ́ kẹta tí ó ṣe, kò sí irin tàbí fàdákà tó lè san án. Ohun kan ṣoṣo tó lè san án ni kí àwa tí à ń sùn nínú ilé tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, tí à ń gba títì tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ kọjá, má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀kùn wa rọrùn láti ṣí fún àwọn tó bá wáá mú àlejò wa lọ.

Adékúnlé, ọmọ Adó, sùn un re o. Ọlọ́run yóò tọ́jú àwọn tí o fi sílẹ̀. Kí Ó sì má ṣe jẹ́ kí irú òru yẹn tún ṣú lórí ilẹ̀ wa mọ́. Àṣẹ.